Ẹ̀rọ Pupa Tí Bámidélé Fi Sílẹ̀

Òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún èmi náà. Ní oṣù kejì ọdún 1995, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré, àwọn ọkùnrin ẹbí gbé Bámidélé, àkọ́bí mi, jáde nínú ilé mi ní Bódìjà. Àǹtí Àbẹ̀ḿbí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi olóògbé, jókòó tì mí ní yàrá, wọ́n di ọwọ́ mi mú kí n má baà yọjú lójú fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n gbé e lọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi.

Àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ nìkan ni mo mọ ibi tí wọ́n wà. Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n tò sábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń ta mínírà láyé òyìnbó ni wọ́n: èèyàn á ju owó sí i lẹ́nu, á fa ọwọ́ irin tó wà lára rẹ̀, ìgò tútù kan á sì já bọ́ sísàlẹ̀. Iṣẹ́ fíríìjì ni Bámidélé fi ń jẹun, àmọ́ àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ yìí ló fẹ́ràn. Bó bá ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó ilé àlejò kan tó ti gbó, á ti débẹ̀ ṣáájú àwọn oníkọ̀ǹdẹ́ǹmù tó ń ra irin àlòkù.

Ilé àlejò kan ní àdúgbò Onírèké ló ti gbé èyí pupa wá. Lọ́jọ́ tó gbé e délé, adìyẹ ti yé sínú rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ní, “Mọ́mì, ẹ wá wo ẹyin tó ń tà.” Ọdún méjì ló fi ha ìpẹtà ara rẹ̀, tó kùn ún, tó pààrọ̀ ọ̀pá bàbà inú rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ní, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí: A kì í yọ ohun tí ẹni tó ṣe é bá fi sí i.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà tó wọlé bá mi ní ilé ìdáná.

“Mọ́mì, ǹjẹ́ ẹ ní ṣílè kankan?”

“Ṣílè? Ta ló ń ná ṣílè? Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti sọ ọ́ di náírà.”

“Kì í ṣe èmi ló fẹ́ ná an, ẹ̀rọ ni. Kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti pa owó dà.”

Mo wá inú àpò kékeré tí mo máa ń fi owó ọrẹ sí nígbà tí mo ṣì jẹ́ tíṣà ọ̀dọ́ nílé ìwé míṣọ́ọ̀nù. Ẹyọ kan ló kù níbẹ̀. Ó jù ú sókè, ó hán an, ó tì í bọ àpò ṣòkòtò kakí rẹ̀.

“Màá dá a padà o.”

“Owó tí kò ná mọ́,” ni mo wí, mo sì yíjú sí ìkòkò mi.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ẹbí jókòó. Àgbà kì í jogún ọmọ. Olúṣẹ̀yẹ, àbúrò Bámidélé tó ń gbé ní Akobo, ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún: aṣọ, aago, àpótí irin iṣẹ́, àtàwọn ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àǹtí Àbẹ̀ḿbí ló ká aṣọ náà fúnra wọn. Mo rí ṣòkòtò kakí náà bó ṣe wọ inú báàgì.

Olúṣẹ̀yẹ kò kó ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Ó ń wá kí mi, ó sì ń bá mi lẹ́yìnkùlé lórí àpótí, níwájú ẹ̀rọ pupa. Lọ́jọ́ kan, ó dúró lẹ́yìn mi pẹ́.

“Mọ́mì, mo ti bá àwọn oníkọ̀ǹdẹ́ǹmù sọ̀rọ̀. Wọ́n á wá kó wọn.”

“Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́?”

“Wọn ò fi nǹkan kan ṣe mí. Ẹ̀yin ni mò ń wò. Ẹ jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ ibojì.”

Àǹtí Àbẹ̀ḿbí wà níbẹ̀. Wọ́n ní, “Òótọ́ ló sọ. Ìyàwó mi, Olúṣẹ̀yẹ ló ni wọ́n. Má tún fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.”

Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé tí ẹ̀rọ náà bá lọ láìṣiṣẹ́, ohun tí ọmọ mi fi ọdún méjì wá yóò di irin lásán, kò sì ní sí ẹnikẹ́ni tó máa gbọ́ ìró rẹ̀ láé.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ takisí lọ sí Mọ́kọ́lá, mo gbé kiréètì mínírà kan dání. Ibẹ̀ ni Bámidélé àti Àlíù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jọ háyà ṣọ́ọ̀bù. Àlíù sáré jáde wá gbà á.

“Màmá, ẹ kú àtijọ́. Kí lẹ fẹ́ fi kiréètì ṣe?”

“Iṣẹ́ ni mo wá kọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó gbé kiréètì náà sílẹ̀. “Màmá, ẹ ti lé lọ́gọ́ta. Ìgbà wo lẹ fẹ́ gba fírídọ̀ọ̀mù?”

“Ọjọ́ tí ẹ̀rọ pupa bá ta mínírà.”

Mo là á yé e. Òun ni yóò lọ bá Olúṣẹ̀yẹ, kó ní kó jẹ́ kí òun parí iṣẹ́ tí òun àti Bámidélé jọ bẹ̀rẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ ló ni ẹ̀rọ, Àlíù ló ni iṣẹ́, èmi kàn jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ ṣiṣẹ́ kò jogún ẹnikẹ́ni.

Àlíù ṣí fìlà rẹ̀. “Bámidélé ti sọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó lè bá yín jiyàn kó borí.”

Ó ṣí ìgò kan, ó gbàdúrà bí wọ́n ṣe ń gbà á fún ọmọ iṣẹ́ tuntun, mo ń ṣe àmín. Mo wá kúnlẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

“Yéè! Màmá! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi mí bú ni?” Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi. Fọkanáísà tó wà lódìkejì títì pariwo pé, “Àlíù, ta ló ń kí ta?”

Olúṣẹ̀yẹ gbà. Ó ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù kẹjọ ni òun yóò gbé ọkọ̀ wá, yálà ó ṣiṣẹ́ o, tàbí kò ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Tọ́sìdé àti Sátidé ni Àlíù ń wá. Mo fi kẹrosíìnì fọ àwọn irin wẹẹrẹ, mo mọ orúkọ wọn. Kò lè pàṣẹ fún mi. Á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí kò bá ní ni yín lára, sípánà mẹ́tàlá.”

“Ọ̀gá, tí ẹ bá ń bẹ̀ mí báyìí, ilẹ̀ á ṣú.”

Níbì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àtàǹpàkò Bámidélé ti tẹ ọ̀dà kó tó gbẹ. Àlíù mú sáńpépà tí wọ́n fi ń ha irin, ó ní ibẹ̀ kò dán. Mo ní, “Ẹ fi sílẹ̀, ọ̀gá.” Ó wò ó dáadáa, ó sì gbé sáńpépà náà sílẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rọ náà ń tutù, ìgò ń làágùn nínú rẹ̀. Àlíù ju náírà onírin tuntun sí i. Owó náà kò sọ̀kalẹ̀. Ó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó pòṣé.

“Òòfà ló gbé e. Wọ́n fi í síbẹ̀ kó lè máa mú ayédèrú owó onírin. Náírà wa yìí, irin ni nínú, bàbà ni wọ́n kàn fi bò ó. Màmá, ẹ̀rọ yìí ní ayédèrú ni owó ìjọba wa!”

Mo rẹ́rìn-ín. Láti oṣù kejì, n kò tíì rẹ́rìn-ín.

“Ẹ jẹ́ ká yọ òòfà náà,” ló wí. Mo lọ mú ìwé Bámidélé wá, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn án. Ó kà á, ó pa á dé.

Ó wá ṣílè káàkiri, láti Sábó dé Dùgbẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ní àwọn ti yọ́ gbogbo rẹ̀ fi ṣe òrùka tipẹ́. Kọ́bọ̀ oníhò méjì ló rí mú bọ̀.

Mo mọ ibi tí ṣílè kan wà. Owó mi ni, ṣùgbọ́n ó ti wọ àpò ọmọ mi, ọmọ mi sì ti lọ. Olúṣẹ̀yẹ wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, a jọ jẹun. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi títí ó fi fọwọ́. Ohun tí mo béèrè ni pé báwo ni ọ̀nà Akobo ṣe rí nínú òjò yìí.

Ọjọ́ Sátidé pé. Ọkọ̀ akẹ́rù dúró lẹ́nu géètì, àwọn oníkọ̀ǹdẹ́ǹmù ti ń tú okùn.

“Bùọ̀dá Àlíù, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?” ni Olúṣẹ̀yẹ béèrè.

“Ó ń tutù. Ṣùgbọ́n kò lè tà. Ṣílè ló ń béèrè.”

Olúṣẹ̀yẹ dúró sójú kan. “Ṣílè?” Ó yọ àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí ibi tó fara sin nínú rẹ̀, ó sì mú un jáde. “Nínú ṣòkòtò Bùọ̀dá mi ni mo ti rí i. Mi ò tíì lè wọ ṣòkòtò náà. Owó yìí ni mo kàn ń gbé kiri. Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ nípa rẹ̀?”

“Èmi ni mo fún un.”

“Kí ló dé tẹ́ ò béèrè?”

“Ẹnu mi kò lè béèrè ohun tó wà lápò rẹ̀.”

Ó nà án sí mi. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn. “Tìẹ ni. Ìwọ ni kó o fi sí i.”

Ó fi í sí i. A gbọ́ ọ bó ṣe ń yí lọ, tó ń kọlu irin, tó kọjá òòfà, tó sì bọ́ sínú ikùn ẹ̀rọ. Olúṣẹ̀yẹ na ọwọ́ sí ọwọ́ irin.

“Dúró, Ṣẹ̀yẹ,” ni Àlíù wí. “Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹni tó tún un ṣe ló ń kọ́kọ́ dán an wò.” Ó yíjú sí mi. Ó gbé ojú rẹ̀ le bí ọ̀gá. “Fà á.” Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ dárí jì mí, mà.”

Mo fà á. Ìgò já bọ́, gbì.

Olúṣẹ̀yẹ ṣí ìgò náà lára ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀ gbé e fún mi. Mo mu díẹ̀, mo gbé e fún un, òun náà gbé e fún Àlíù. Nígbà tó yá ni Olúṣẹ̀yẹ nu ojú rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ má bínú. Kò ní dúró síbí. Ilé mi ni yóò wà. Tí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ máa wá sọ́dọ̀ mi.”

“Àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́?” ni Àlíù béèrè. “Ọmọ iṣẹ́ mi ò gbọdọ̀ jókòó lásán.”

Olúṣẹ̀yẹ wo èmi àti òun. Ó ní kí wọ́n já wọn sí Mọ́kọ́lá. Ó fún àwọn oníkọ̀ǹdẹ́ǹmù ní owó ọkọ̀ wọn.

A já mẹ́ta sí Mọ́kọ́lá, a sì kọjú sí Akobo. Èmi àti Olúṣẹ̀yẹ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, fèrèsé ẹ̀yìn wa ṣí sílẹ̀. Níbi tí ọ̀dà títì ti tán, dírẹ́bà rọra ń wa ọkọ̀. Ní gbogbo kòtò tí a bọ́ sí, mo gbọ́ ṣílè náà lẹ́yìn wa nínú ikùn ẹ̀rọ. Olúṣẹ̀yẹ náà gbọ́ ọ. Ó di ọwọ́ mi mú.