Àǹtí Mi Kọ̀, Kò Kú

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gé eré tẹlifíṣọ̀n, kí n sì máa tò ó. Ibi tí a kò bá tíì yà, màá fi dúdú dí àyè rẹ̀, màá sì kọ ohun tó ń bọ̀ níbẹ̀ sára rẹ̀. Ìyẹn ló kó bá mi.

Àbúrò ìyá mi ló ń ṣe ìyá ọkọ nínú eré náà. Ọdún mẹ́fà ló ti ń fojú ìyàwó ọmọ rẹ̀ rí màbo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yọjú sí yàrá iṣẹ́ mi láti wo ara rẹ̀. Dúdú yọ, Àǹtí sì ka ohun tí mo kọ síbẹ̀ sókè: "Ìyá ọkọ kú níbí."

Ó wò mí. "Ta ló kú?"

"Àǹtí, wọn ò tíì sọ fún yín ni?"

"Ọmọ yẹn ló pa mí!" Ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyàwó ló ń bá wí. Ó dá Àǹtí lójú pé ọmọ náà ti lọ rojọ́ òun fún olùdarí eré.

Bí àìsàn ṣe dé nìyẹn. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀yìn ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orúnkún ni. Bí olùdarí bá pè, yóò wúkọ́ sí i létí. Eré sì gbọ́dọ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ a kò lè sin ẹni tí kò tíì kú.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo gba ilé rẹ̀ lọ. Mo bá a níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Bó ṣe rí mi, ó nà gbalaja sórí àga.

"Àǹtí, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń sunkún yín. Mi ò tíì gé e."

Ìyàwó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn; ìrọ̀rí ni wọ́n fi aṣọ bò níbẹ̀ dípò Àǹtí. Olùdarí kígbe pé, "Ó tó!" Ibẹ̀ yẹn ni ǹ bá ti gé e. Àwọn yòókù dìde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan ń wá bàtà rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò dìde.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ yín, ọ̀gá, pé kẹ́ ẹ má yọ Màmá kúrò nínú eré," ó ń sọ fún olùdarí, ikun ń bọ́ nímú rẹ̀. "Ta ni màá wá máa bá jẹun ọ̀sán?"

Àǹtí ní kí n dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dá a padà. Àánú rẹ̀ ṣe mí, èmi náà sì ń nu ojú. Àǹtí wá fa fóònù rẹ̀ yọ.

"Olùdarí, ara mi ti yá. Mò ń bọ̀ wá kú lọ́la. Àmọ́ ọwọ́ ìyàwó mi ni mo máa kú sí o, ẹ má wulẹ̀ gbé ìrọ̀rí kankan síbẹ̀."