Èmi Ló Jà Lólè

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ránṣẹ́ pè mí, inú mi dùn. Wọ́n ní kí ẹni tí àbúrò mi jà lólè wá sọ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n máa gbà á wọlé. Mo fọ èérí irin kúrò lọ́wọ́, mo wọ bàtà. Mo fẹ́ lọ bà á jẹ́ fún un.

Ọmọṣẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀. Ó jí ẹ̀rọ tí mo fi ń jó irin, ó tà á. Ó ṣẹ̀wọ̀n, ó kàwé níbẹ̀, ó yege ìdánwò. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Látìgbà tó ti jáde, mi ò tíì mu omi tó bù.

Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìpàdé.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé o ti rí ẹ̀rọ tó ṣeé tà níbí?"

"Òótọ́ ni kí ẹ sọ. Mi ò ní bínú."

"Ta ló bi ọ́?"

A wọlé. Alága wọn, ọkùnrin kan tó de táì pupa, kò tiẹ̀ wojú mi. Àbúrò mi ló kọjú sí.

"A ò kọ́lé yìí fún irú ẹ. Ọwọ́ tó bá ti jalè, kò sí ìwé tó máa fọ̀ ọ́ mọ́."

Ara mi gbóná.

"Ẹ dúró ná, sà. Kí ló jí nínú tiyín?"

"Bàbá, ẹ̀rọ tiyín ló jí. Ìdí tá a fi pè yín nìyẹn."

"Ẹ pè mí, ẹ wá gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Níbi iṣẹ́ wa, ọ̀gá kan kì í bá ọmọṣẹ́ ọ̀gá mìíràn wí. Ẹ ò tíì gbà á, ẹ ti ń bú u. Ẹ gbà á ná, kí ẹ tó lẹ́nu lórí ẹ̀."

Obìnrin tó jókòó ti alága náà fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ ti dárí jì í nìyẹn?" Táì Pupa bi mí.

"Láéláé. Ìjà tèmi ni, ẹ má bá mi jà á."

Wọ́n ní ká bọ́ síta. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi jáde wá. Ó bọ àbúrò mi lọ́wọ́, ó ní wọ́n ti gbà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun."

"Má bá mi rìn."

Ẹ̀yìn ló ń tọ̀ mí bọ̀ títí a fi délé. Ó bu omi tútù wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé e síwájú mi. Ìyá wa ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà.

Mo dìde, mo lọ bu tèmi.