Àwo Orin Àwọn Ọ̀lẹ Méjì

Kí n tètè sọ ọ́: Múrítàlá kò kú. Ó ń gbé létí Yarnton Way ní Thamesmead, ní London, ó ń jẹun, ó ń wúkọ́, ó sì gbin ewúro sínú ike. Ṣùgbọ́n ní pálọ̀ Akínbọ́lá, ní Glyndon Estate, ó ti di olóògbé láti ọ̀sán Sátidé kan.

Báyìí ló ṣe kú. Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, àwọn méjèèjì gbé gìtá, wọ́n pe ara wọn ní Àwọn Ọ̀lẹ Méjì, wọ́n sì ṣe àwo orin kan ṣoṣo, Òtútù Ò Mọ Olóyè. Orin ẹ̀fẹ̀ ni: ti ìjòyè tó wọ súwẹ́tà mẹ́ta lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì, ti lándọ́ọ̀dù tó ń ka àpò tíì mọ́ ayálégbé lọ́wọ́. Gbogbo Woolwich rẹ́rìn-ín. Múrítàlá ló kọ orin. Akínbọ́lá ló dúró níwájú nínú fọ́tò ara páálí àwo náà. Fọ́tò yẹn náà ló tú wọn ká.

Nígbà tí ọmọbìnrin kan, Keziah, fóònù pé iléeṣẹ́ òun fẹ́ tún àwo náà tẹ̀, pé òun ń bọ̀ wá gba ohùn Uncle sílẹ̀, Akínbọ́lá kun irun rẹ̀ dúdú. Nítorí ohùn ni o.

Ní ọ̀sán Sátidé náà, Keziah gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sórí tábìlì. Iná pupa kékeré kan là lára rẹ̀ bí ojú ẹni tí kì í sùn.

"Uncle, ta ló kọ àwọn orin yẹn?"

"Èmi."

"Gbogbo ẹ̀?"

"My dear, ta ni ì bá tún kọ ọ́?"

"Uncle Múrítàlá ńkọ́? Ó yẹ ká bi àwọn náà."

Ibẹ̀ ni Akínbọ́lá ti pa á. "Háà! O ò gbọ́ ni? Ó ti kú."

Ọmọ náà kò ké háà. Kò ní "ẹ kú àràfẹ́rakù". Ó kàn rọra ti ẹ̀rọ súnmọ́ ọn.

"Ìgbà wo?"

"February tó kọjá."

"Kí ló pa wọ́n?"

"Ọkàn ni. Ọkàn rẹ̀ ò lágbára tó tèmi."

"Níbo lẹ sin wọ́n sí?"

Yàrá náà dédé tutù. "Ní itẹ́ òkú Plumstead. Èmi ni mo kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ sí i." Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn pé ó bọ́.

"Wọ́n sọ nǹkan kan kí wọ́n tó lọ?"

"Ó ní, 'Akin, ìwọ lo ni orin.'"

"Ẹ ṣeun, sà. Ohùn yín yìí gan-an la máa fi bẹ̀rẹ̀ àwo náà."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Keziah gbé àwo tuntun dé. Akínbọ́lá nìkan ló kún iwájú páálí rẹ̀, eyín síta. Ó fọwọ́ pa á bí ẹni tó ń fọwọ́ pa orí ọmọ tuntun.

"Ṣé ó ti wà nígboro?"

"Láti àárọ̀, sà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ti gbà á."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rántí ìbéèrè tí àgbà Yorùbá kì í gbàgbé, èyí tí ì bá ti bi í lọ́jọ́ kìíní ká ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ti jẹ́ kó ráyè.

"Ọmọ ta tiẹ̀ ni ẹ́?"

"Ti Múrítàlá," ni Keziah wí. "Wọ́n wà nísàlẹ̀, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa gbé mọ́tò sí."