Ilẹ̀kùn Tí Kò Sí Lára Alágbàfọ̀

Ẹni tí kò mọ ìrora, ẹ má tètè pè é ní olóríire. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Alágbàfọ̀, kò mọ̀ ọ́n rí. Dókítà ló là á yé e: jíìnì kan wà nínú ara ènìyàn tó ń pàṣẹ kí wọ́n fi ilẹ̀kùn kékeré kan sí ojú sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára. Purotéènì ni ilẹ̀kùn ọ̀hún, ibẹ̀ ni ìrora ń gbà kọjá. Jíìnì tí obìnrin yìí jogún lọ́dọ̀ ìyá bàjẹ́, ti bàbá náà bàjẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ní tirẹ̀ rí èyí tó dáa gbà lọ́dọ̀ bàbá tó bí i, ó sì mọ ìrora bí gbogbo ayé.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú ọmọ yìí ni ìyá rẹ̀ fi ń ṣọ́ ara. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ a yẹ apá ìyá wò, bóyá áyọ́ọ̀nù ti jó o níbì kan.

"Màámi, eléyìí kì í ṣe áyọ́ọ̀nù."

"Bàbá ẹ ni. Fi sílẹ̀, kò dùn mí."

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu lọ, ti gbá eyín ìyàwó yọ, ó ti ṣẹ́ ẹ níka. A sì tún máa fi rẹ́rìn-ín: "Ta ni mo nà? Igi ni." Alágbàfọ̀ náà ka ẹ̀ṣẹ́ sí òjò. Ó rọ̀, ó dá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin náà bá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní tútù. Ó gbá orí ìyàwó mọ́ ògiri, ẹ̀jẹ̀ ta sára ṣíìtì oníbàárà. Ọmọ bọ́ sáàárín wọn, ni bàbá bá da ẹ̀ṣẹ́ bo òun náà lẹ́nu.

Ọmọ náà ké, ó ká jọ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ dúró, ó ń wò ó. Ṣé ohun tó wà nínú ẹ̀ṣẹ́ yìí láti ọjọ́ yìí wá nìyí? Inú bí i bí kò ṣe bí i rí.

Ọkọ ti gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná, ó kọjú rẹ̀ sí ọmọ. "Jẹ́ n wò ó bóyá igi ni ìwọ náà."

Alágbàfọ̀ na ọwọ́, ó gbá irin náà mú. Kì í ṣe níbi tí wọ́n ti ń dì í mú o, ojú rẹ̀ gan-an ni. Èéfín rú, òórùn ẹran jíjó gba yàrá. Ó rọra ń tì í padà bí ẹni ń lọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, títí ó fi lẹ̀ mọ́ àyà ẹni tó gbé e. Ọkùnrin náà ké bí ẹran tí wọ́n ń pa.

"Ó dùn ẹ́?" ló bi í. Ó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́ ni.

Ọkùnrin náà sá jáde láìwọ bàtà. Ìyá ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

Ọmọ di ọwọ́ ìyá tó ti bó yìí mú, ló bá bú sẹ́kún.

"Kò dùn mí," ni ìyá wí.

"Mo mọ̀, màámi. Èmi ló ń dùn."

Alágbàfọ̀ ò sọ pé kó fi sílẹ̀ mọ́.