Òwú Tábìlì Òṣùpá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún Ìyá Abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò jalè lẹ́nu iṣẹ́, ì bá bú onítọ̀hún bí ẹni láyin. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń ránṣọ fún ìjọba, kò jí abẹ́rẹ́ kan rí. Òun ló dàgbà jù nínú yàrá ìránṣọ náà, òun ló sì kọ́ ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ láìwò ó. Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá.

Páráṣúùtì ni wọ́n ń rán, aṣọ tó fẹ̀ gbàràgàdà tó máa ń tú síta lórí ẹni tó bá fò sílẹ̀ láti inú bàálù, tí yóò sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tábìlì méjì ló wà nínú yàrá náà. Èyí tó wà lápá ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń pè ní tábìlì sójà. Èyí tó wà lápá fèrèsé ni tábìlì òṣùpá, torí pé páráṣúùtì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń rán lórí rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, èyí tí yóò gbé ọkọ̀ tí ìjọba fẹ́ rán lọ sínú òṣùpá sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá bu erùpẹ̀ ibẹ̀ bọ̀. Èèyàn kankan kò ní í sí nínú ọkọ̀ ọ̀hún. Erùpẹ̀ ni ẹrù rẹ̀, kò sì ju ẹ̀kúnwọ́ méjì lọ. Síbẹ̀, ẹni mẹ́ta ló ń yẹ iṣẹ́ tábìlì òṣùpá wò, ẹnì kan péré ló ń yẹ ti sójà wò. Òwú tábìlì òṣùpá nípọn, ó funfun, ó ń dán, ó sì le débi pé àfi kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Òwú tábìlì sójà ti pẹ́ ní sítọ́ọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ a sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé bí èèyàn bá sín sí i, yóò já.

Ọkọ Ìyá Abẹ́rẹ́, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tísà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́jọ, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ tábìlì méjèèjì. Ẹ̀rọ omi àdúgbò wọn ti gbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ojoojúmọ́ ni Tísà ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ pọn omi ní òpópónà kejì, bó bá sì ti gbé e gun àtẹ̀gùn dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó sọ ọ́ kalẹ̀, yóò tan rédíò, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìjọba jà. Ó ní ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò kì í fi owó páànù ra àkàbà tí yóò fi gun òṣùpá. Ó ní owó tí wọ́n ń yìn sókè láti ẹnu ìbọn lójúmọ́ kan, bí wọ́n bá dà á sínú páìpù, gbogbo ìlú á lúwẹ̀ẹ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ a bi í bóyá ó mọ̀ pé láti orí tábìlì méjèèjì ni ọbẹ̀ tó ń lá ti ń wá. Tísà a ní òun mọ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dùn lẹ́nu òun. Ẹnu lásán ni o. Nǹkan kan kì í ṣẹ́ kù nínú àwo rẹ̀.

Ohun tí àwọn méjèèjì kì í sọ jáde ni pé ohun tí ogun gbà lọ́wọ́ wọn ju omi lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ó sì ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin tó ti wà lójú ogun, lára àwọn tó ń fò sílẹ̀ láti inú bàálù. Àárò rẹ̀ ń sọ ìyá rẹ̀ débi tí kò ṣeé fi bò. Bó bá ń dáná, ti ẹni mẹ́ta ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń bù. Gbogbo Sátidé ló ń fọ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé. Nígbà tí ọmọ náà wà nílé, méjì-méjì ló máa ń gun àtẹ̀gùn, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ní ọjọ́ kan, ẹni tó ń pín lẹ́tà gùn ún bẹ́ẹ̀, Ìyá Abẹ́rẹ́ sì ti ju ìpọnkọ sílẹ̀, ó ti ṣílẹ̀kùn, ẹ̀rín ti kún ẹnu rẹ̀ kó tó rí i pé àlejò ni. Ó gba lẹ́tà náà, ó dúpẹ́, ó wọlé lọ sunkún.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ náà pè, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, fún ìṣẹ́jú márùn-ún géérégé. Nígbà tó pè kẹ́yìn, ó ní iṣẹ́ kan péré ló kù fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn. Àwọn yóò fò lẹ́ẹ̀kan sí i, tí àwọn bá ti parí rẹ̀, ilé ló kàn. Láti ọjọ́ yẹn ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ti ń ka ọjọ́.

Wàyí o, òfin kan wà níbi iṣẹ́ wọn tó ti wà kó tó dé ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán páráṣúùtì ẹbí rẹ̀. Bí o bá rí nọ́ńbà ẹgbẹ́ èèyàn rẹ lórí ìwé iṣẹ́, ṣe ni wàá nawọ́ sókè, wọn á sì gbé e fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé wọ́n ń bẹ̀rù pé wàá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé wàá ṣe é jù. Ìyá Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé ìfẹ́ kì í mọ ibi tó yẹ kó ti gé òwú.

Ní ọjọ́ Túsìdeè kan, ìwé iṣẹ́ dé orí ẹ̀rọ rẹ̀. Páráṣúùtì méjìlá. Ó wo nọ́ńbà tó wà lókè ìwé náà, nọ́ńbà ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ ni. Kò nawọ́ sókè. Òwú ti já mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì wo apá fèrèsé, ó rí i bí wọ́n ṣe to òwú dídán sílẹ̀ fún ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ méjì. Inú bí i. Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ jẹun ọ̀sán, ó rìn lọ sí tábìlì òṣùpá, ó mú róòlù òwú kan àti abẹ́rẹ́ tó bá a mu, ó fi wọ́n sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Lára gbogbo páráṣúùtì méjèèjìlá ló ti rán ojú ìránṣọ kejì ti èkíní lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́kípẹ́kí, pẹ̀lú òwú tí ìjọba rà fún òṣùpá. Aṣọ pélébé tí wọ́n máa ń fi sára iṣẹ́ fún àyẹ̀wò, òwú sójà ló fi rán ìyẹn, kí àṣírí má bàa tú. Obìnrin tó ń yẹ iṣẹ́ wò ni wọ́n ń pè ní Ojú Àṣá, nítorí àṣìṣe kì í bọ́ mọ́ ọn lójú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Ìyá Abẹ́rẹ́ nìyí, ẹni tó kọ́ òun fúnra rẹ̀ níṣẹ́. Ó fa aṣọ pélébé náà, kò ya, ó sì buwọ́ lù ú láìtú èyíkéyìí nínú méjìlá náà wò. Ọkọ̀ wá kó wọn lọ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ìyá Abẹ́rẹ́ sun oorun àsùnwọra ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó ní bí òun kò bá lè wà lójú ogun, ọwọ́ òun wà níbẹ̀.

Òwú tó ṣẹ́ kù nínú róòlù náà kò ṣeé dá padà, kò sì ṣeé jù nù. Wọ́n máa ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní àjákù aṣọ páráṣúùtì sójà kí wọ́n mú lọ sílé, nítorí náà ó fi òwú náà rán àpò kan fún Tísà, tí yóò lè máa fi gbé kẹ́ẹ̀gì méjì kọ́ èjìká. Bó ṣe rán ti sójà gẹ́lẹ́ ló ṣe rán an, ojú ìránṣọ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó gbọ́ ariwo lórí àtẹ̀gùn. Tísà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè kí àpò náà tó ya. Kẹ́ẹ̀gì kan fọ́, èkejì yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀, omi sì ń ṣàn láti àtẹ̀gùn kan bọ́ sí òmíràn. Ìjọba ni Tísà kọ́kọ́ ṣépè fún. Ìyá Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú àpò náà. Aṣọ rẹ̀ kò gbó, òwú rẹ̀ kò já. Ó ya tẹ̀ lé ojú ìránṣọ kejì ni, láti ihò dé ihò, bí ìwé rìsíìtì tí wọ́n ti lu ihò sí lára kó lè rọrùn láti fà ya. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Òwú tó nípọn ń fẹ́ abẹ́rẹ́ tó nípọn. Aṣọ òṣùpá nípọn, ó lè gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Aṣọ sójà fẹ́lẹ́, ihò ló ti lù sí i lára láti òkè délẹ̀.

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú omi.

"Tísà, mo ti pa á."

"Ta lo pa?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí nọ́ńbà dórí róòlù òwú. Tísà kò bú u. Ó bi í bóyá gbogbo wọn ni yóò ya. Ìyá Abẹ́rẹ́ ní òun kò mọ̀, ó lè gbé ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, ó sì lè pín sí méjì lójú òfurufú. Tísà jókòó tì í. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Bó o bá lọ sọ ọ́, wọn ò ní í fò. Bí wọn ò bá fò, ìjọba ò ní í jẹ́ kí wọ́n wálé. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Ìwọ náà ló sọ pé kò sí aṣọ mọ́ ní sítọ́ọ̀ yín."

"Ọmọ ẹlòmíì mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, Tísà."

Tísà wo omi tó ń ṣàn lọ. "Lọ wọ bàtà ẹ," ló wí. "N ó dúró dè ọ́ nísàlẹ̀."

Nítorí ogun, iléeṣẹ́ náà kì í ti ilẹ̀kùn ní Sátidé. Ojú Àṣá wà lórí àga rẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé àpò tó ya síwájú rẹ̀, ó sì ka ẹjọ́ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú Àṣá gé apá tí kò tíì ya lára ojú ìránṣọ àpò náà, ó fi í sẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa aṣọ, ó yí ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Kò tíì dé ìdajì ibi tó yẹ kó dé tó fi ya. Ó gbé fóònù, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó ka nọ́ńbà ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Ẹ̀yin kọ́ ló kọ́ mi?" ló bi í. Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀.

Ó wá sọ fún un pé wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ padà. Aṣọ tí wọ́n lè fi rán òmíràn kò sí, torí owó tó kù nínú ọdún ti lọ sí orí òṣùpá, tí ọjọ́ tirẹ̀ kò ṣeé yẹ̀, àti sórí ọta ìbọn. Ó kéré tán, yóò tó oṣù márùn-ún kí òmíràn tó wà. Bí ẹni tó ń wá ohun tí yóò fi tu ìyá náà nínú, ó ní ọdún mẹ́fà ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi ṣe òwú tó mú yẹn, ó sì dájú pé wọn yóò ṣe irú rẹ̀ tó fẹ́lẹ́, tó bá ti sójà mu, lọ́jọ́ iwájú. Ó ní gbogbo èèyàn ló máa jàǹfààní rẹ̀ bó bá yá.

"Bó bá yá," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí. "Ṣé ọmọ mi á wà níbẹ̀?"

Ojú Àṣá gba káàdì tó fi ń wọ iléeṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí wọ́n ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Nígbà tí Ìyá Abẹ́rẹ́ àti Tísà ń lọ sílé, òṣùpá ọ̀sán yọ sókè àwọn òrùlé, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lójú ọ̀run. Ìyá Abẹ́rẹ́ kò bínú sí i. Òṣùpá kò ní kí ẹnikẹ́ni wá bu erùpẹ̀ òun. Oṣù márùn-ún ló ń rò, àti bóun ṣe fi ọwọ́ ara òun fi kún ọ̀nà jíjìn tó wà láàárín òun àti ọmọ òun.

Ọmọ náà pè ní ọjọ́ Àìkú tó kàn. Ohùn rẹ̀ le. Kò béèrè àlàáfíà wọn pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé wọ́n ti kó páráṣúùtì àwọn lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní í wálé títí òmíràn á fi dé. Tísà kọjú sí ògiri. Ìyá Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú.

"Wọ́n ní màmá àgbàlagbà kan níléeṣẹ́ yín ló fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ti bà á jẹ́," lọmọ náà wí. "Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣépè fún un, Màámi. Wọ́n ní ká ní ó dákẹ́ ni, à bá ti máa múra ilé. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ṣé lóòótọ́ ni pé nǹkan náà ì bá ya?"

"Ì bá ya."

Ìyá rẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ó sì tẹ fóònù mọ́ etí kí èémí náà má bàa sá lọ.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi kí i," ló wí. "Ẹ sọ fún un pé mo ní ó ṣeun."

"Ó ti gbọ́."

"Màámi?" lọmọ náà wí, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún ti pé.