Ìyàwó Tó Ń Gbá Ìdí Ọsàn

Sodiqat kò tíì pé ọdún kan nílé ọkọ nígbà tí ewé ọsàn ẹ̀yìnkùlé bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ó kọ́kọ́ pè é ní ooru lásán, nítorí gbogbo Ṣakí ló ń gbẹ lọ́dún náà. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni àwẹ̀ bọ́ sí, oòrùn ń ta bí ẹni tó ń bínú, kànga sì ti lọ sílẹ̀ débi pé ìdajì ohun tí wọ́n ń fà nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ewé tó ká náà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ ní tútù wọn, àyà Sodiqat já. Igi yẹn kì í ṣe igi lásán nínú ilé náà.

Ọmọkùnrin mẹ́ta ni Àlàájà Fàtímọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀, bí. Bó bá ti bí ọ̀kan, wọn a ri ibi ọmọ náà mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, wọn a sì gbin ọsàn lé e. Méjì ti kú nínú igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún tí Ismaheel, ọkọ Sodiqat, gbé ìyàwó àkọ́kọ́, Misturat, wọlé ni méjèèjì gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan náà. Kò sí ohun tó ṣe àwọn tó ni igi o. Ọ̀kan wà ní Ìbàdàn títí dòní tó ń sanra. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi ọwọ́ bo ayé lẹ́nu? Wọ́n ní ẹsẹ̀ Misturat ò dára. Wọ́n ní bó ṣe mú igi, ènìyàn ló kàn. Àlàájà gbọ́, ó gbà á gbọ́, wọ́n sì ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Okaka. Ismaheel sunkún, kò sì lè kọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Ọsàn tirẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù, nítorí ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ ló wà, tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sídìí rẹ̀. Ó wá kọ́ balùwẹ̀ tuntun sínú ilé nítorí ìyàwó kejì, omi ìwẹ̀ kò sì dé ẹ̀yìnkùlé mọ́. Kò sẹ́ni tó ro ti igi.

Àlàájà wà ní Mẹ́kà ní gbogbo àsìkò yìí. Úmúrà ló lọ ṣe. Kó tó wọkọ̀ ló ti kìlọ̀ fún Sodiqat pé, "Ìyàwó, ilé dọwọ́ rẹ. Máa bomi rin ọsàn ọkọ rẹ, kí o sì rí i pé ẹ̀yìnkùlé mi ń dán." Sodiqat kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire, Màámi."

Bó ṣe wí náà ló ń ṣe. Bó bá ti jẹ sààrì tán, tó kírun àsùbáà, ọwọ̀ ló kàn. Á gbá ìdí ọsàn títí á fi mọ́ bí àtẹ́lẹwọ́, á kó gbogbo ewé, á lọ sun ún ní ààtàn. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á tún gbá a. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyàwó tuntun tí kò bá gbálẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ìyá tó bí i ni wọ́n ń bú. Lẹ́yìn ọwọ̀, á wá fa omi, pẹ̀lú àwẹ̀ lẹ́nu, tí òùngbẹ ń gbẹ òun alára, á máa da garawa lé garawa. Omi náà kì í wọlẹ̀. Orí ilẹ̀ líle ló ń ṣàn lọ, ìba tó bá sì wọlẹ̀, oòrùn á fà á jáde. Kó tó di ọ̀sán, ilẹ̀ á ti sán.

Ìrònú gba oorun lójú rẹ̀. Bí Ismaheel bá pè é láti Kisi, níbi tó ti ń kó iṣu, ohun tó kọ́kọ́ ń bi í ni, "Ọsàn ńkọ́?" Sodiqat á ní, "Ó wà dáadáa." Irọ́ nínú àwẹ̀! Á tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, bí ọkọ bá sì tún pè lọ́jọ́ kejì, á tún un pa. Ẹ má dá a lẹ́jọ́. Ẹni tí wọ́n lé ẹni iwájú rẹ̀ jáde nítorí igi, kí lẹ fẹ́ kó sọ?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìyá Samsudeen yà wọlé. Òun ni àgbà láàárín àwọn ìyàwó agbo ilé náà, ojú rẹ̀ kì í sì í fo nǹkan. Ó gbójú sókè wo ọsàn, ó ní, "Háà. Ìyàwó, ṣé ò ń bomi rin ín ṣá?"

"Mò ń bomi rin ín, Ìyá. Lójoojúmọ́ ni."

Ìyá Samsudeen mi orí. "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà ti Misturat náà nìyẹn. Omi lòun náà ń bù. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí àgbákò o." Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe àmín sí i, ó sì jáde. Kó tó délé, ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Sodiqat lọ fara ti ọgbà, ó ń sunkún. Ibẹ̀ ló ti gbójú sókè tó rí ẹ̀yìnkùlé Ìyá Peter, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kejì. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ wí ládùúgbò: "Ṣé ilé Ìyá Peter lo rò pé o wà?" Iṣẹ́ ọsibítù kì í jẹ́ kó ráyè ọwọ̀, ewé sì ti bo ilẹ̀ mọ́ ibẹ̀ títí dé ọrùn ẹsẹ̀. Àmọ́ ọsàn tó wà láàárín ìdọ̀tí náà tutù yọ̀yọ̀, ó ń tanná, oyin ń kùn lórí rẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí Sodiqat. Òun tó ń pa ara òun, igi òun ń kú. Ọ̀bùn tí kì í gbálẹ̀, tirẹ̀ ń tanná! Ó nu ojú, ó gba ẹnu ọ̀nà lọ síbẹ̀.

"Ìyàwó, káàbọ̀," Ìyá Peter wí. "Má wo ìdọ̀tí o, jọ̀ọ́. Àná ni mo fẹ́ gbá a."

"Ẹ kú ilé, mà. Omi wo lẹ ń bù sí ọsàn yín?"

"Omi? Èmi tí mi ò rí omi wẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá fọ ẹ̀fọ́ tán ni mo máa ń da omi rẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn bí mo bá rántí."

Sodiqat bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé. Oòrùn wà ní àtàrí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ewé náà tutù, ó rọ̀, ekòló wà nínú rẹ̀. Kò tètè yọwọ́. Ó ń ro ìdí ọsàn tirẹ̀, tí òun ń bọ́ sí ìhòòhò lójoojúmọ́ fún oòrùn.

"Ìyá Peter, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìdọ̀tí yín."

"Kí lo wí?"

Báàfù ni Sodiqat fi kó o, lójú gbogbo ayé. Ó da ewé yí ìdí ọsàn ká, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lára igi, ó sì wọ́n omi sí i lẹ́yìn ìṣínu. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti kárí: ìyàwó Àlàájà ń kó ààtàn wọlé! Ìyá Samsudeen ní, "Ẹsẹ̀ burúkú, ó tún wá fi ọ̀bùn kún un?" Ismaheel pè láti Kisi. "Wọ́n ní ò ń kó ìdọ̀tí sídìí igi mi." Sodiqat ṣàlàyé títí. Ismaheel kàn ní ó dàbọ̀, ìyẹn sì bà á lẹ́rù ju ìbínú lọ.

Láràárọ̀, ọwọ́ ń yún Sodiqat láti mú ọwọ̀ lọ sídìí ọsàn. Kì í mú un lọ. Ewé kò já bọ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí tuntun tó ń yọ, kò sì mọ̀ bóyá igi náà ń sinmi ni tàbí ó ti kú lórí ìdúró. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí àwẹ̀ fi tán, tí Àlàájà fi dé.

Èrò kún ilé lọ́jọ́ náà. Ismaheel ti ti Kisi dé. Àlàájà kò tilẹ̀ jókòó. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà lọ tààrà pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀ bọ̀, àwọn obìnrin sì tẹ̀ lé e. Ó rí ewé tó bo ilẹ̀.

"Ta ló kó ààtàn sídìí ọsàn ọmọ mi?"

Ìyá Samsudeen wo Sodiqat, ó wo ilẹ̀. Àlàájà fúnra rẹ̀ bá mú ọwọ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ Sodiqat nílé ní kó dákẹ́, kó gba ọwọ̀ náà lọ́wọ́ àgbà, kó máa gbálẹ̀. Ó sáré bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀ sórí ewé náà gan-an.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá a."

Àwọn obìnrin ní, "Yéè!"

"Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ná. Bí kò bá tutù, kí n máa lọ sílé bàbá mi lónìí."

Àlàájà wò ó títí. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ewé. Ó dìde, ó rìn lọ síbi tí àwọn igi méjì ìjelòó ti wà rí, níbi tí ilẹ̀ ti mọ́ tó ń dán, ó tẹ́ ọwọ́ síbẹ̀, ó sì yára ká a kúrò nítorí ó gbóná. Ó padà wá, ó fa ẹ̀ka ọsàn kan sọ́dọ̀, ó fojú sún mọ́ ọn. Ewé tuntun méjì ti ń yọ níbẹ̀, wọn ò ju etí eku lọ. Sodiqat kò rí wọn tẹ́lẹ̀.

Àlàájà jókòó sórí ewé tòun ti aṣọ funfun.

"Èmi ni mo ní kí Misturat máa gbá a," ó wí. "Mo ní kò tíì mọ́ tó, kó tún un gbá. Tó bá gbá a tán, màá tún ní kó lọ gbá a. Èmi ni mo pa igi, mo wá di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọmọ ọlọ́mọ." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Samsudeen ti ń fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀.

"Ismaheel, lọ́la, Okaka là ń lọ, èmi pẹ̀lú rẹ. Misturat kò tíì fẹ́ ẹlòmíràn, mo mọ̀. A ó bẹ̀ ẹ́ kó padà sílé rẹ̀."

Ayọ̀ tó ti ń bọ̀ lọ́kàn Sodiqat dúró lójijì. Ọ̀rọ̀ tó sọ láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ti lọ pe ìyálé wálé. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ismaheel kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn lọ́nà kan tí Sodiqat kò rí rí láti ìgbà tó ti wọlé.

"Ìyàwó, o ò fọhùn," ni Àlàájà wí. Gbogbo obìnrin yíjú sí i.

"Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, Màámi. Kò ṣẹ̀ yín."

Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ewé, níbi tí ilẹ̀ ti tutù.