Ọwọ́ Ọba Lórí Òkúta

Oko ìrẹsì etídò yẹn, ìyá ìyá mi ló fi sílẹ̀ fún ìyá mi, ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, ọmọbìnrin mi ló sì máa jogún rẹ̀. Ọba wá ní òun fi ta òrìṣà lọ́rẹ! Oko ta ni?

Ja Klan, ọkọ ọmọ mi tó ń gbé nílé mi, tó jẹ́ agbẹ́kùúta, ni wọ́n ní kó gbẹ́ ọ̀rọ̀ ọrẹ náà sára òkúta tẹ́ńpìlì. Ó délé, kò lè wò mí lójú.

"Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n ní tí n kò bá gbẹ́ ẹ, àwọn á gé mi lọ́wọ́."

"Gbẹ́ ẹ jàre. Ọwọ́ yẹn ló ń bọ́ ọmọ mi." Mo tu ewé tí mò ń jẹ lẹ́nu dànù. "Èpè ńkọ́? Ṣé ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀?"

"Ó wà, bíi ti gbogbo òkúta. Ẹni tó bá fipá gba oko olóko, kí òun àti ìyá tó bí i padà wáyé bí ajá. Ọba á gbọ́wọ́ lé òkúta tí àlùfáà bá ń kà á."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé orí mi ti dà rú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkúta náà nàró, gbogbo ìlú péjọ. Àlùfáà ka oko mi mọ́ ti òrìṣà, àwọn èèyàn sì ń wò mí tàánútàánú. Àánú wọn bí mi nínú. Bó ṣe kan èpè, mo jáde síwájú. Ọmọ ogun kan na ọ̀kọ̀ sí mi láyà, mo gbá a dànù.

"Kábíyèsí, kí ẹ tó gbọ́wọ́ lé e: oko etídò, ta ló ni ín?"

"Òrìṣà ni."

"Kó tó di ti òrìṣà ńkọ́?"

Ó bú mọ́ mi. "Ìyá arúgbó yìí, ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Mo ti dàgbà tó ẹni tó ń kú. Ìyá yín ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn. Ẹ wò wọ́n lójú, kí ẹ wá gbọ́wọ́ lé e!"

Ìyá ọba dìde. Ó ń mi orí sí ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ ọba dúró lókè òkúta. Lẹ́yìn náà ló fà á padà sẹ́yìn.

"Ẹ pa ilà tó dárúkọ oko etídò yẹn rẹ́," ló wí.

Irin tí Ja Klan fi ń gbẹ́ òkúta ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọba tó sọ̀rọ̀ tán.

Ihò ibi tó ti gbẹ́ ilà náà kúrò ṣì wà lára òkúta. Tí mo bá ń lọ sóko, mo máa ń yà níbẹ̀, màá gbọ́wọ́ tèmi lé e. Nǹkan kan ò ṣe mí rí.